Bàtà Kánfáàsì: Ìtàn Tó Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Wa

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá lónìí: kánfáàsì tí kò wọ́n, tí ẹ máa wọ̀ lójoojúmọ́ lọ síbi iṣẹ́, lọ sílé ẹ̀kọ́, lọ sọ́jà, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó tó owó tí wọ́n ń pè é? Ìtàn ni mo fẹ́ fi dáhùn.

Kémta, nílùú Abẹ́òkúta, ni mò ń gbé. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé ẹsẹ̀ kì í sinmi níbí: ẹ gòkè, ẹ sọ̀ kalẹ̀, òkúta níhìn-ín, títì ọlọ́dà tó gbóná lọ́hùn-ún. Lọ́dún tó kọjá, mo ra kánfáàsì funfun kan. Ó rẹwà lójú. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi lanu bí ọ̀nì. Mo gbé e lọ bá ṣúmékà àdúgbò wa. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Àbúrò, gọ́ọ̀mù lásán ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Oòrùn ti yọ́ ọ."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè bá mi rán an?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màá rán an. Àmọ́ ká ní o gbé e wá lọ́jọ́ tó o rà á ni, kì bá má tú."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ilé-iṣẹ́ Bata ló fún wa ní ọ̀rọ̀ náà "bàtà". Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1894 ni Tomáš Baťa àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ méjì dá ilé-iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ nílùú Zlín, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Czech lónìí. Odindi Bíbélì Yorùbá ti jáde ní 1884, "bàtà" sì wà nínú rẹ̀, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí Mósè bọ́ tiẹ̀. Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther, tó ṣe aṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà, ti dé Abẹ́òkúta wa níbí láti 1846. Orúkọ méjèèjì kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ bàtà. Rọ́bà ló sọ kánfáàsì di kánfáàsì. Láyé àtijọ́, rọ́bà kò ṣeé gbára lé: bí oòrùn bá mú, á máa lẹ̀ mọ́ nǹkan, bí òtútù bá mú, á gan, á sì sán. Ní 1839, Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà rí i pé tí wọ́n bá po rọ́bà mọ́ imí-ọjọ́, tí wọ́n sì fi iná sí i, á le, á sì tún máa tẹ̀. Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti lè fi iná so rọ́bà mọ́ aṣọ. Keds jáde ní 1916, All Star ti Converse tẹ̀ lé e ní 1917.

Àwa náà wà nínú ìtàn yìí. Lẹ́yìn 1890, àwọn èèyàn wọ igbó ilẹ̀ Yorùbá lọ gba oje igi rọ́bà. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tó gba èbúté Èkó jáde lé ní 2,000 tọ́ọ̀nù. Àmọ́ wọ́n sá àwọn igi náà ní àsápa. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ọ̀pọ̀ igi ti kú, òwò náà sì ti wó. Rọ́bà tútù la tà. Bàtà tó ti délé-iṣẹ́ là ń rà padà.

Ta ló wá sọ bàtà di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà? Baťa wà lára wọn. Ní 1922, nígbà tí ọjà kò yá mọ́, ó gé iye owó bàtà rẹ̀ sí ìdajì. Owó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ náà dín kù. Ẹ rántí ìyẹn: bí nǹkan bá pọ̀ lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú, ẹnì kan ti san ìyókù níbì kan.

Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè nípa kánfáàsì funfun ọjọ́ eré ìdárayá. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún kó lè funfun. Cortina ti Bata ni ọ̀pọ̀ wọn fi lọ sílé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ètò SAP ọdún 1986, náírà já wálẹ̀, nǹkan títun wọ́n, òkìríkà sì gbòde.

Ó dáa, kí la rí kọ́? Ẹ má kọ́kọ́ wo orúkọ ara bàtà. Ẹ tẹ̀ ẹ́: níbi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló yẹ kó ti tẹ̀, kì í ṣe ní àárín. Ẹ wo etí rẹ̀ yípo: ṣé òwú wà níbẹ̀, àbí gọ́ọ̀mù nìkan? Ẹ fi èékánná tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀: bí ojú èékánná bá dúró síbẹ̀ tí kò padà, kò ní pẹ́ jẹ tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò. Ká ní ẹ ra èyí tó jẹ́ ₦12,000, tó lo ọjọ́ 42: nǹkan bíi ₦286 lójúmọ́. Ká ní èyí tó jẹ́ ₦20,000 lo ọdún kan: ₦55 lójúmọ́. Ẹni tí kò lówó ló ń san jù.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní, "₦12,000 ni mo ní o." Ẹ má bínú. Ẹ rà á, àmọ́ ẹ gbé e lọ bá ṣúmékà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ rárá, kó rán an yípo. Kánfáàsì mi tó lanu yẹn, òun ni mo wọ̀ sẹ́sẹ̀ bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa rìn dáadáa o.