Ojú Àbùkù Ni Iṣẹ́ Graphene Wà

Láti ọdún 2004 tí Andre Geim àti Konstantin Novoselov ti fi téèpù bó graphene lára graphite ní Manchester ni òkìkí rẹ̀ ti kàn: kábọ́ọ̀nù tí kò nípọn ju átọ́ọ̀mù kan lọ. Ìyìn náà tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ti bí àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ gbà pé àìlábùkù rẹ̀ ló jẹ́ kó wúlò bíi kátálíìsì, ìyẹn ohun tó ń mú kí kẹ́míkà yára yí padà tí òun fúnra rẹ̀ kò sì tán. Wọ́n wá ní èyí tí a bá fi èédú ilẹ̀ tàbí táyà àlòkù ṣe kò lè dára fún iṣẹ́ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Nínú graphene tó pé, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ti di mẹ́ta mìíràn mú gírígírí, kì í sì í fẹ́ dá sí kẹ́míkà tó ń kọjá. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Etí rẹ̀, ojú ihò ara rẹ̀, ibi tí náítrójìn ti gbapò kábọ́ọ̀nù tàbí tí ọ́síjìn ti lẹ̀ mọ́ ọn, níbẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Graphene tí wọ́n ti kó ọ́síjìn sí lára ni ẹgbẹ́ Christopher Bielawski lò ní Texas lọ́dún 2010 láti sọ benzyl alcohol di benzaldehyde, èyí tí wọ́n ń fi sí lọ́fínńdà. Wọn kò fi mẹ́tàlì kankan kún un.

Ní ti ohun ìpìlẹ̀, James Tour àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rice fi hàn lọ́dún 2020 pé bí iná mànàmáná bá gba inú èédú, ike tàbí àjẹkù oúnjẹ kọjá lójijì, ooru ibẹ̀ á ju 2,700 °C lọ, kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti di graphene. Àwọn abala rẹ̀ kì í tò déédéé lórí ara wọn, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti yà wọ́n.

Ìṣọ́ra wà o: pé iṣẹ́ dára nìkan kò sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹgbẹ́ Martin Pumera po ìgbẹ́ ẹyẹ mọ́ graphene, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára ju ti èyí tí wọn kò po nǹkan mọ́ lọ! Wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé manganese bíńtín tó ṣẹ́kù láti inú kẹ́míkà tí wọ́n fi ṣe graphene lè jẹ́ òun gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Irin wà nínú eérú èédú ilẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní kátálíìsì òun kò ní mẹ́tàlì, kó kọ́kọ́ wọn iye tó wà nínú rẹ̀.