Ìrora Ọrùn tí í Ràn dé Apá: Bí A Ṣe Wá Ìdí Rẹ̀ Rí

Ìrora kan wà tí í bẹ̀rẹ̀ ní ọrùn, tí í gba èjìká sọ̀kalẹ̀ dé apá, tí í sì máa ta ènìyàn ní ìka bí abẹ́rẹ́. Làkúrègbé ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pe irú rẹ̀. Orúkọ náà sì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ya àìsàn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí rú lójú. Àwọn oníṣègùn Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pàápàá pẹ́ kí wọ́n tó rí ìdí rẹ̀, nítorí pé ibi tí ìrora ti ń dunni lè jìnnà sí ibi tí ó ti sẹ̀ wá.

Ọkàn lè fà á. Ní 1768, William Heberden ṣàpèjúwe fún àwọn oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù ìrora àyà kan tí í mú ènìyàn bí ó bá ń rìn, tí í sì máa ń ràn dé apá òsì. Ẹ̀dọ̀fóró náà lè fà á: ní 1932, Henry Pancoast kọ̀wé nípa kókó tí í hù ní ṣóńṣó ẹ̀dọ̀fóró, tí í sì ba àwọn iṣan tí ó lọ sí apá jẹ́.

Ṣùgbọ́n inú ọrùn gan-an ni ìdí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ wà. Eegun méje ni ó wà níbẹ̀. Láti orí èkejì sísàlẹ̀, ohun rírọ̀ kan bíi tìmùtìmù wà láàrin eegun kan àti èyí tí ó tẹ̀ lé e. Iṣan mẹ́jọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ti ọrùn jáde. Bí tìmùtìmù náà bá ya, tí inú rẹ̀ yọ síta, a tẹ iṣan mọ́lẹ̀. Ìrora a sì bá iṣan náà lọ. Ẹ̀kẹfà a máa dé àtàǹpàkò, ẹ̀keje a dé ìka àárín, ẹ̀kẹjọ a dé ọmọńdinrín.

Ní 1858, Hubert von Luschka ará Jámánì ti kọ̀wé nípa irú ìyọsíta yìí, ṣùgbọ́n a kò so ó mọ́ ìrora apá. Ní 1928, Byron Stookey ní Amẹ́ríkà ṣì kà á sí kókó tí ó hù. Ní 1934 ni Mixter àti Barr ní Boston fi hàn pé tìmùtìmù tí ó ya ni púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní kókó. Ọ̀rọ̀ ìbàdí àti ẹsẹ̀ ni wọ́n sì tẹnu mọ́ jù. Ní 1943, Semmes àti Murphey ní Memphis ròyìn aláìsàn mẹ́rin tí ìrora wọn jọ ti àrùn ọkàn, bẹ́ẹ̀ iṣan keje ni a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ọrùn wọn. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé.

Lọ́dún kejì, Spurling àti Scoville kọ́ oníṣègùn láti tẹ orí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ tí ó ń dùn, kí ó sì rọra tì í wálẹ̀: bí ìrora bá sáré wọ apá, ọrùn ni kí a fura sí. Ní 1952, Russell Brain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ya ìgbó tí ọjọ́ orí ń mú bá eegun àti tìmùtìmù ọrùn sọ́tọ̀ kúrò lára yíya òjijì.

Lónìí, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ irú ìrora ọrùn bẹ́ẹ̀ ń rọlẹ̀ láìsí iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ń rọ, tàbí tí ẹsẹ̀ ń gbò, tàbí tí àyà ń fún ni pẹ̀lú òógùn, kí a má ṣe fi orúkọ làkúrègbé bò ó mọ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ kíákíá. Orúkọ kan ṣoṣo kò tó fún àìsàn púpọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn lè máa fi òróró pa apá nígbà tí ọkàn ń kú lọ.