ÀJÈJÉ ỌWỌ́ KAN: ÌTÀN ABẸ́RẸ́ ÀJẸSÁRA ALÁSOPỌ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Òwe yìí bá ìtàn abẹ́rẹ́ àjẹsára alásopọ̀ mu régí, nítorí pé ohun méjì tí a so pọ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn kò lè dá ṣe.

Àwọn bakitéríà kan wà tí wọ́n fi ṣúgà bora bí ẹni da aṣọ bora. Lára wọn ni èyí tí ń fa òtútù àyà, àti èyí tí ń fa yínrùnyínrùn, àrùn tí ń mú ọrùn gan, tí ń kọlu awọ tí ó bo ọpọlọ. Ara àgbàlagbà lè dá aṣọ ṣúgà náà mọ̀, kí ó sì pèsè ohun ìjà dè é. Ṣùgbọ́n ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kì í sábà kà á sí. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí gan-an ni àrùn náà ń wá kiri.

Ní ọdún 1929, Oswald Avery àti Walther Goebel, ní ilé ìwádìí Rockefeller ní New York, fi hàn pé bí a bá so ṣúgà mọ́ purotéènì, ara ẹranko yóò kọbi ara sí ohun tí kò kà sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó di 1931, wọ́n fi irú àsopọ̀ bẹ́ẹ̀ dáàbò bo ehoro lọ́wọ́ bakitéríà òtútù àyà.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló wá dé tí ìmọ̀ yìí fi sùn fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Pẹnisílínì ló fa á. Nígbà tí oògùn náà gbòde ní àwọn ọdún 1940, ọ̀pọ̀ dókítà rò pé ogun ti parí. Ṣùgbọ́n oògùn ìwòsàn kì í sáré ju ikú lọ nígbà gbogbo, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó sì yè ni ó di adití.

Ní 1980, Rachel Schneerson àti John Robbins ní Amẹ́ríkà gbé ìròyìn jáde nípa àsopọ̀ tí wọ́n ṣe fún bakitéríà tí a ń pè ní Hib. Porter Anderson àti David Smith náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Rochester. Abẹ́rẹ́ tí a fi ṣúgà nìkan ṣe gba àṣẹ ní 1985, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ọmọ ọwọ́. Alásopọ̀ gba àṣẹ ní 1987. Ní 1990 a fi àyè gbà á fún ọmọ oṣù méjì. Kí ó tó dé, nǹkan bí 20,000 ọmọdé ni Hib ń kọlù gidigidi lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà. Láàárín ọdún díẹ̀, nínú 100 irú wọn, kò ku ju ọ̀kan lọ.

Nàìjíríà ńkọ́? Ọdún 2012 ni abẹ́rẹ́ Hib tó bọ́ sínú èyí tí àwọn ọmọ ọwọ́ wa ń gbà. Ọdún méjìlélógún ló wà láàárín ọmọ ibẹ̀ àti ọmọ ibí. Kì í ṣe pé ìmọ̀ kò sí. Owó ni kò sí, àwọn tí ń ṣe oògùn kò sì rí èrè lára tálákà.

Èyí hàn kedere ní 1996. Ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, yínrùnyínrùn irú A jà ní ilẹ̀ Áfíríkà láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn. Ní Nàìjíríà nìkan, ó mú ènìyàn tó ju 100,000 lọ, ó sì pa èyí tó ju 11,000 lọ. Àwọn aláṣẹ ètò ìlera Áfíríkà wá ké pé àwọn fẹ́ abẹ́rẹ́ tí agbára ìlú wọn ká, tí iye rẹ̀ kò ní tó àádọ́ta sẹ́ǹtì owó Amẹ́ríkà. Ní 2001, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ PATH dáwọ́ lé iṣẹ́ náà. Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà pèsè ọgbọ́n ìsopọ̀. Ilé-iṣẹ́ Serum Institute ní ilẹ̀ Íńdíà so ṣúgà irú A mọ́ purotéènì àrùn ipá tí a ti pa oró rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2010, ìlú Burkina Faso bẹ̀rẹ̀ sí gún un fún àwọn ọmọ ọdún kan títí dé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Nàìjíríà tẹ̀ lé e ní 2011. Irú A di ohun àwátì níbi tí abẹ́rẹ́ náà dé.

Síbẹ̀, ejò kan kú, òmíràn yọjú. Ní 2017, irú C jà ní Zamfara, Sókótó àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, ó sì pa ènìyàn tó ju 1,100 lọ, nítorí pé abẹ́rẹ́ irú A kò mọ irú C rí. Ní 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní àgbáyé tí ó gun abẹ́rẹ́ tuntun tí ó dojú kọ irú márùn-ún: A, C, W, X àti Y.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ṣúgà nílò purotéènì, ìmọ̀ pẹ̀lú sì nílò ìpinnu àwọn aláṣẹ. Nígbà tí a so méjèèjì pọ̀ fún irú A, ọdún mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ náà gbà. Nígbà tí a kò so wọ́n pọ̀ fún Hib, ọmọ Nàìjíríà dúró fún ọdún méjìlélógún. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.