Ààlà Abẹ́ Ìka: Ìtàn Bọ́tìnnì tí A Fi Ń Rìn Nínú Eré Kọ̀ǹpútà

Láti Kétu dé Ìmẹ̀kọ, ọ̀nà kò jìn. Ẹbí wà níhìn-ín, ẹbí wà lọ́hùn-ún, èdè kan náà ni a sì fi ń kí ara wa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, tí ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí ìwé ààlà, ohun púpọ̀ ti yàtọ̀ láàárín wa: owó tí a ń ná, èdè tí adájọ́ fi ń dájọ́, ìwé tí ọmọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Ìyàtọ̀ kan tún wà tí ó kéré débi pé àwọn àgbà wa kò kà á sí, àwọn ọmọ wa sì ń bá a pàdé lójoojúmọ́. Ó wà lórí àtẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, èyí tí Faransé ń pè ní clavier. Lórí àtẹ tí wọ́n ń lò ní Ìmẹ̀kọ, lẹ́tà mẹ́fà àkọ́kọ́ lókè lápá òsì ni Q, W, E, R, T, Y. Lórí ti Kétu, A, Z, E, R, T, Y ni.

Ní ìsinmi tó kọjá, a bá ọmọ kíláàsì wa kan pàdé ní ilé kan tí wọ́n ti ń háyà kọ̀ǹpútà ní Àjàṣẹ́. Eré tí ó ń ṣe jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí Faransé ń pè ní monde ouvert, tí àwa yóò máa pè ní eré ayé gbangba: odindi ìlú tàbí igbó ni wọ́n yà sójú kọ̀ǹpútà, eléré sì lè gba ọ̀nà tó wù ú, kí ó fẹsẹ̀ rìn, kí ó wakọ̀, kí ó gun ẹṣin, láìsí ẹni tí yóò pàṣẹ ibi tí yóò kọ́kọ́ lọ. Eré náà ní kí ó tẹ W kí ó lè lọ síwájú. Ó wá W, ó rí i ní ìsàlẹ̀. Ó wá A tí yóò fi yà sósì, ó rí i lókè. S àti D wà láàárín. Ìka rẹ̀ lọ́ bí ẹsẹ̀ akàn; ọkọ̀ tí ó ń wà kọlu ògiri, ó tún kọlu ògiri. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí wa, ó ní: «Olùkọ́, ẹ má bínú, ọwọ́ mi ni kò yá.»

Gbólóhùn yẹn ni ó dùn wá, nítorí ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọwọ́ rẹ̀. Ó ti wà nílẹ̀ kí a tó bí bàbá rẹ̀ àgbà.

Ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà, Christopher Latham Sholes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ní 1868. Ilé-iṣẹ́ Remington, tí ó ń rọ ìbọn, gba iṣẹ́ náà ṣe, ó sì gbé ẹ̀rọ náà jáde fún títà ní 1874. Títò tí wọ́n ń to lẹ́tà rẹ̀ tí wọ́n sì ń tún un tò ni ó bí QWERTY. Nígbà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ ní Faransé, ipò lẹ́tà díẹ̀ yí padà: A gba ipò Q, Z gba ipò W, M kúrò ní ìsàlẹ̀ ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ L. Nọ́ńbà pàápàá di ohun tí a kò lè tẹ̀ àfi bí a bá di Shift mú, nítorí pé é, è, ç àti à ti jókòó sí ipò wọn. AZERTY yìí ni ó bá àwọn akọ̀wé ìjọba amúnisìn dé Dahomey àti Tógò. Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, àsíá yí padà. Àtẹ kò yí padà.

Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tí ó ro ti eré. Eré orí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò sì fi lẹ́tà bẹ̀rẹ̀. Spacewar!, tí Steve Russell àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ní MIT ní 1962, àwọn bọ́tìnnì kéékèèké ara kọ̀ǹpútà PDP-1 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ta á. Ìgúnpá ń ro àwọn eléré. Alan Kotok àti Robert Saunders bá kan àpótí kékeré tí eléré lè fi darí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ láìfi ara ni ara.

Ní oṣù kejìlá 1993 ni Doom jáde. Bọ́tìnnì ọfà mẹ́rin ni a fi ń rìn nínú rẹ̀, Ctrl ni a fi ń yìnbọn, Space ni a fi ń ṣílẹ̀kùn. Ọfà kò ní èdè. Ọmọ Kétu àti ọmọ Ìmẹ̀kọ ì bá jọ ta á lọ́gbọọgba. Ṣùgbọ́n Quake dé ní 1996, eléré sì ní láti máa wòkè kí ó sì máa wolẹ̀ nínú rẹ̀. Eku kọ̀ǹpútà ni ó ṣe èyí dáadáa jù lọ, ọwọ́ ọ̀tún sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń di eku mú. Bí ọ̀tún bá ti ní iṣẹ́, òsì ni yóò máa rìn, bẹ́ẹ̀ ọfà wà lápá ọ̀tún àtẹ. Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọgbọ́n tirẹ̀. Dennis Fong, tí àwọn eléré mọ̀ sí Thresh, gbé ìka lé W, A, S àti D. Ní 1997 ó borí nínú ìdíje Quake tí wọ́n pè ní Red Annihilation, ẹ̀bùn rẹ̀ sì ni ọkọ̀ Ferrari tí John Carmack, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe eré náà, fi sílẹ̀. Ta ni yóò rí ẹni tó fi eré gba Ferrari tí kò ní fẹ́ mọ ibi tí ó ń gbé ìka lé? Àṣà náà tàn kálẹ̀. Nígbà tí Half-Life jáde ní 1998, WASD ti wà nínú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́: àṣà náà dára. Ìka àárín wà lórí W, ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí S. Ọmọńdinrín kan Shift àti Ctrl. Àtàǹpàkò sinmi lórí Space. Ìka ìfábẹ̀lá na ara dé E, R àti F. Ṣùgbọ́n ipò ni gbogbo èyí. Lẹ́tà kàn jẹ́ orúkọ tí ipò náà ń jẹ́ ní Amẹ́ríkà ni.

Eré ayé gbangba ni ó wá mú ọ̀rọ̀ náà le. Grand Theft Auto III jáde ní 2001 lórí PlayStation 2. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ó dé orí kọ̀ǹpútà. Ohun ìdarí PlayStation ní ọ̀pá kékeré tí a lè tì díẹ̀ kí ẹni inú eré rọra rìn. Bọ́tìnnì àtẹ kò mọ díẹ̀: a tẹ̀ ẹ́ tàbí a kò tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá bọ́tìnnì kún bọ́tìnnì, ọ̀kan fún sísáré, òmíràn fún rírọra rìn. Bọ́tìnnì kan tún ń ṣe iṣẹ́ méjì: nínú Grand Theft Auto V, Space ni a fi ń fò bí a bá ń fẹsẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n bí a bá ti tẹ F tí a wọ ọkọ̀, Space kan náà di bíréèkì ọwọ́. Nínú Skyrim, tí ó jáde ní 2011, M ni ó ń ṣí àwòrán ilẹ̀, nítorí lẹ́tà tí orúkọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Faransé ì bá fẹ́ C. Àwa ì bá fẹ́ A. Àwọn tí wọ́n ṣe Assassin's Creed ní Montréal, tí ó jáde ní 2007, gba ọ̀nà mìíràn: ẹ̀yà ara ni wọ́n fi pín bọ́tìnnì, orí, ọwọ́ tó mú ohun ìjà, ọwọ́ òfìfo, ẹsẹ̀. Èyí wù wá ju ti lẹ́tà lọ. (Àwọn elédè Faransé ti Montréal wọ̀nyẹn, àtẹ QWERTY ni àwọn fúnra wọn ń lò. Kì í ṣe èdè Faransé ni ó fi AZERTY sábẹ́ ìka wa, ìjọba ni.)

Ohun tí ó yà ọmọ náà lẹ́nu jù nígbà tí a ṣàlàyé fún un nìyí: inú kọ̀ǹpútà kò mọ W. Bí ìka bá tẹ bọ́tìnnì kejì lórí ìlà lẹ́tà òkè, nọ́ńbà ipò rẹ̀, èyí tí í ṣe 17, ni kọ̀ǹpútà gbà, ì báà ṣe ní Kétu tàbí ní Ìmẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà ni Windows yóò wo irú àtẹ tí a sọ fún un pé a ní, kí ó tó sọ 17 di W tàbí Z. Eré tí ó bá béèrè nọ́ńbà yóò bá ọwọ́ gbogbo ènìyàn mu. Èyí tí ó bá béèrè lẹ́tà ni ó ń lọ́ ìka ọmọ wa. Ní èrò tiwa, àìrònú ni, kì í ṣe ìkórìíra. Àmọ́ àìrònú pàápàá a máa dunni.

A ṣí ibi ètò eré náà. A fi Z sí iwájú, Q sí òsì, a sì fi S àti D sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń dúró, ibí náà ni wọ́n sì ti ń kọsẹ̀. Eré ti ní iṣẹ́ fún Q tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kó lọ sí A, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ìgbà tí eléré bá yà sósì ni yóò máa ṣe é láìfẹ́. Ohun ìjà tí wọ́n fi nọ́ńbà 1 sí 4 yàn kò dáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ Shift; a gbé wọn sórí &, é, " àti '. Eré mìíràn kì í gbà kí a yí ohunkóhun padà. Fún irú rẹ̀, a lè fi àtẹ QWERTY kún Windows, kí a máa fi Alt àti Shift bọ́ sínú èkíní, bọ́ sínú èkejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá gbàgbé láti padà, tí ó sì kọ «merci» sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, «;erci» ni ọ̀rẹ́ náà yóò rí. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọkọ̀ ọmọ náà dẹ́kun kíkọlu ògiri. Rárá o, kò dẹ́kun pátápátá. Ó dín kù.

Faransé pàápàá ti rí i pé àtẹ náà kò pé fún èdè tirẹ̀: ní 2019, àjọ AFNOR gbé ìlànà tuntun jáde kí É àti œ má baà nira láti tẹ̀ mọ́. Ti àwa ńkọ́? Àtẹ Kétu ní é, è àti à, èyí tí a lè yá lò. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Kò sì ní ɛ àti ɔ tí a fi ń kọ èdè wa nílé ìjọba ní Benin.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé padà, a ń tẹ àkọlé kan ní èdè Yorùbá níwájú kíláàsì, à ń lọ dà á kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láti inú ìwé mìíràn bí ìṣe wa. Ọmọ náà na ọwọ́ sókè.

«Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ç yìí, iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe nínú èdè wa?»

A ní kò ṣe ìkankan.

«Ṣé nọ́ńbà kan kọ́ ni òun náà lábẹ́lẹ̀?»

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà a jókòó tì í, a ya gbogbo àtẹ náà sórí ìwé, bọ́tìnnì kan tẹ̀ lé òmíràn, a sì fi ọ sí ipò ç.