Nígbà Tí Ògiri Mábù Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Yẹ̀: Ìtàn Ilé Àwòrán Kan ní Washington

Ìtàn ilé kan la fẹ́ sọ lónìí. Ilé náà kò wó, ó dúró digbí. Aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ ló fẹ́ bọ́.

Ọjọ́ 1, oṣù kẹfà, ọdún 1978 ni wọ́n ṣí East Building, apá ìlà-oòrùn National Gallery of Art, ní Washington. Ààrẹ Jimmy Carter wà níbẹ̀. I. M. Pei, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Ṣáínà, ló ya àwòrán ilé náà. Paul Mellon àti Ailsa Mellon Bruce ló gbé owó rẹ̀ kalẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 94 dọ́là. Igun kan wà lára rẹ̀ tó mú bí ọ̀bẹ. Àwọn àlejò ti fọwọ́ kàn án títí tí ojú òkúta ibẹ̀ fi dúdú.

Pei fẹ́ kí ilé tuntun yìí bá ti àtijọ́ mu, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1941. Ó padà lọ sí Tennessee, níbi tí wọ́n ti wa mábù aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ti àkọ́kọ́. Àmọ́ lára ilé tuntun, aṣọ lásán ni mábù náà. Ògiri inú ló ń gbé ilé ró. Nǹkan bíi 16,200 òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bò ó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó íńṣì 3, ó sì wúwo tó nǹkan bí 200 kílò. Ẹ fojú inú wo àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin tí wọ́n fi irin gbé kọ́ ara ògiri.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe gbé e kọ́. Bí oòrùn bá mú, òkúta á fẹ̀ díẹ̀. Bí òtútù bá dé, á sún kì. Ohun tí àwọn kọ́lékọ́lé sábà máa ń ṣe ni kí wọ́n fi àlàfo ńlá sílẹ̀ láàárín ògiri. Pei kò fẹ́ kí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ba ojú ògiri rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, òkúta kọ̀ọ̀kan ní irin tirẹ̀ tó dì í mú, rọ́bà ló sì wà láàárín òkúta kan àti èkejì dípò sìmẹ́ńtì. Ogbọ́n gidi ni lójú gbogbo ayé.

Lọ́dún 2004, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé ní Amẹ́ríkà fún un ní àmì-ẹ̀yẹ tó wà fún ilé tó ti lo ọdún 25 tó sì ṣì ń dán. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, ní 2005, wọ́n rí i pé àwọn òkúta kan ti ń yọrí síta. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé òkúta kò lẹ́ṣẹ̀. Àwọn irin tó dì wọ́n mú ló ti ń já wọn kulẹ̀, káàkiri ilé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Kí ni kí wọ́n ṣe? Wọ́n lè tún ìwọ̀nba tó ti yẹ̀ ṣe, kí wọ́n máa gbàdúrà lórí ìyókù. Wọ́n pinnu láti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí wọ́n fi irin tuntun dá àwọn òkúta kan náà padà sáyè wọn. Mílíọ̀nù 85 dọ́là ló ná wọn. Lóòótọ́, dọ́là 1978 níyì ju ti ìsinsìnyí lọ, síbẹ̀ owó àtúnṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọ́n fi kọ́ ilé. Pei fúnra rẹ̀ ṣì wà láyé nígbà náà. Ọdún 2019 ló kú, lẹ́ni ọdún 102.

Ní ìsọdá pápá kan náà ni National Air and Space Museum wà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1976. Mábù Tennessee ni wọ́n fi bo òun náà, àmọ́ wọ́n gé tirẹ̀ tín-ín-rín, kò ju nǹkan bí íńṣì kan àti díẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, òkúta fúnra rẹ̀ ló tẹ̀. Wọn kò lè dá a padà mọ́. Àtúnṣe ńlá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018, gíránáìtì ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Òkúta kan náà, ilé méjì: níbì kan, okùn ló já, níbì kejì, aṣọ ló ya.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé wọn kò dúró kí òkúta já lu ọmọ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó náwó. Ẹnì kan yẹ ògiri wò, ó sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ.

Ẹ wá wo àwọn ilé gíga wa ní Èkó àti Ìbàdàn, tí wọ́n fi táìsì àti páànù dídán wọ̀ láṣọ. Gbogbo wa la máa ń ya fọ́tò níwájú wọn. Bí ẹ bá rí ibi tí táìsì kan ti já kúrò lára ògiri, ẹ má kàn kọjá lọ. Ẹ bi aláàbójútó ilé náà léèrè ìgbà tí wọ́n yẹ ìyókù wò gbẹ̀yìn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́.