Sẹ́ẹ̀lì T Apẹ̀tù àti Kíndìnrín Àfitọrẹ: Ìdí Tí Ìwádìí Náà Fi Kàn Wá

Ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn St. Nicholas l'Ékòó; Ilé-Ifẹ̀ tẹ̀ lé e ní 2002. Ohun tó le jù báyìí ni ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ. Aláìsàn tó bá rí kíndìnrín gbà yóò máa lo oògùn bíi tacrolimus níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín náà bá fi ń ṣiṣẹ́, kí sẹ́ẹ̀lì T inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà gbógun ti àlejò náà. Àpò ara rẹ̀ sì ni owó oògùn sábà ti ń jáde. Nítorí èyí ni n kò ṣe gbà pé fàájì àwọn ilẹ̀ olówó ni ìwádìí lórí sẹ́ẹ̀lì T apẹ̀tù, èyí tó ń kó àwọn sẹ́ẹ̀lì oníjà níjàánu. Ẹni tó ń dá ra oògùn ni àdínkù oògùn ṣe láǹfààní jù.

Shimon Sakaguchi fi hàn ní 1995, nínú ara eku, pé bí sẹ́ẹ̀lì yìí bá pòórá, ara á dojú ìjà kọ ara rẹ̀. Òun, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell gba ẹ̀bùn Nobel ní 2025. Ẹ̀rí lórí kíndìnrín wá láti inú ìwádìí tí wọ́n pè ní ONE Study, tó jáde ní 2020. Aláìsàn 38 gba sẹ́ẹ̀lì, apẹ̀tù fún àwọn kan, irú mìíràn fún àwọn yòókù. 66 lo oògùn nìkan. Ìwọ̀n tí ara fi kọ kíndìnrín kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: 16 nínú ọgọ́rùn-ún lápá kìíní, 12 lápá kejì. Ṣùgbọ́n 15 nínú àwọn 38 náà dín oògùn wọn kù sí ẹyọ kan ṣoṣo, àkóràn sì dín kù láàárín wọn. Àdínkù ni o, kì í ṣe òmìnira. Tacrolimus ló ṣẹ́ kù fún wọn, òun náà ló sì ń dínà èròjà IL-2 tí sẹ́ẹ̀lì apẹ̀tù fi ń wà láàyè: bí ìgbà tí wọ́n ti ọ̀nà ọjà pa nítorí ìjà, tí àgbà tó ń bọ̀ wá là á kò rọ́nà gbà.

Àwọn kan á ní ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ibà pọ̀ jù níhìn-ín fún irú ìtọ́jú yìí. Àkóràn tó dín kù yẹn dáhùn díẹ̀, àmọ́ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe ìwádìí náà. Àtakò owó ló wúwo jù, nítorí inú yàrá ìwádìí olówó gegere ni wọ́n ti ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo gbà. Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà tí kò sẹ́ni tó lè bá wa dáhùn: kí ni àbùdá olùfitọrẹ níhìn-ín lè ṣe sí kíndìnrín náà? Ìwádìí tó jáde ní 2024, lórí ẹni tó lé ní 8,000 ní Gánà àti Nàìjíríà, rí i pé nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀dà eléwu méjì ti àbùdá APOL1. Ní Amẹ́ríkà, kíndìnrín tí wọ́n gbà lára òkú tó ní méjèèjì máa ń tètè bàjẹ́. Kò sí ẹ̀rí pé sẹ́ẹ̀lì apẹ̀tù lè tún irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Bí a kò bá sì yẹ olùfitọrẹ wò, sẹ́ẹ̀lì ni a ó dá lẹ́bi fún ohun tí àbùdá fà. Nítorí náà, kí ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀ má dúró de yàrá olówó ńlá. Kí wọ́n máa yẹ APOL1 àwọn olùfitọrẹ wò, kí wọ́n sì máa tọ́jú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gba kíndìnrín pamọ́ lọ́dọọdún, láti ìsinsìnyí lọ.