Ta ló ní imú wa gbòòrò jù? Ìtàn imú, láti Ìfọ́n dé Ifẹ̀ dé Rwanda

1/
Ẹ fi ìka méjì di imú yín pa, kẹ́ ẹ wá pe "imú". Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó jáde? "Ibú." Ẹ pe "Ìfọ́n" náà wò. Ṣé ẹ rí i pé ó há? Ẹni tí imú ẹ̀ bá dí, Yorùbá ò lè dùn lẹ́nu ẹ̀. Ìtàn imú ni mo gbé wá lónìí o. Ẹ fara balẹ̀, ó gùn díẹ̀. 🧵

2/
Ohun tó fà á ni fílítà. Èèyàn á tẹ fóònù lẹ́ẹ̀kan, imú ẹ̀ á tín-ín-rín, wọ́n á ní ó ti rẹwà. Ẹni tí kò bá lo fílítà, ẹ lọ wo ohun tí wọ́n ń kọ sábẹ́ fọ́tò ẹ̀: "imú ẹ ti gba gbogbo ojú ẹ tán." Wọ́n ti kọ ọ́ sábẹ́ tèmi náà. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Ta ló tiẹ̀ sọ pé imú tó gbòòrò ò dáa?

3/
Ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Orolú, òun àti Ìlobùú jọ pààlà. Olúfọ́n lọba wọn. Òrìṣà tí a mọ̀ wọ́n mọ́ ni Òrìṣà Olúfọ́n, ìyẹn Ọbàtálá, òrìṣà aláṣọ funfun. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé e dání lọ. Títí dòní, Oxalufã ni wọ́n ń pè é ní Bahia. Ẹ pè é síta, ẹ ó gbọ́ Olúfọ́n nínú ẹ̀.

4/
Iṣẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ Ọbàtálá ni amọ̀ mímọ. Òun ló ń mọ ara èèyàn, ojú, etí, imú, kí Olódùmarè tó fi èémí sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń ṣàdúrà fún aláboyún pé: "Kí Òrìṣà ya ọnà ire kò wá o." Ọnà ni wọ́n pè é! Bíi iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Afín, abuké, arọ, ẹni òrìṣà ni gbogbo wọn. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí gbogbo ọnà jọra.

5/
Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká tan ara wa o. Nílé náà, a ò fi iṣẹ́ Òrìṣà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ta ni ìyá àgbà ò fa imú ẹ̀ níbi omi gbígbóná? Ọmọ á máa ké, màmá á máa fà á, pé kí imú lè dúró dáadáa. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá ni ìrísí imú ti ń wá. Ní 2016, àwọn onímọ̀ tọ́ka sí jíìnì mẹ́rin tó lọ́wọ́ nínú ẹ̀: DCHS2, RUNX2, GLI3 àti PAX1. Ọwọ́ màmá ò lè dé ibẹ̀.

6/
Nítorí náà, kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa láti máa wo imú ara wa. Ohun tí wọ́n ṣe yàtọ̀: wọ́n mú rúlà wá.

7/
Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù gbé ìṣirò kan kalẹ̀. Wọn bí imú ṣe fẹ̀ tó, fi gígùn ẹ̀ pín in, kó o wá sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún. Tí kò bá tó 70, imú tín-ín-rín ni. Láti 70 sí 85, ó wà láàárín. Tó bá lé ní 85, ó gbòòrò. Ìṣirò lásán nìyẹn, kò burú. Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé wọ́n sọ ọ́ di àkàbà: àwọn lókè, àwa nísàlẹ̀.

8/
Ní India, Herbert Risley, ẹni tó darí ètò ìkànìyàn 1901 níbẹ̀, kọ ọ́ pé bí imú èèyàn bá ṣe tín-ín-rín tó ni ìpò ìdílé ẹ̀ láwùjọ ṣe ń ga tó. Nílẹ̀ tiwa níbí, láti 1909, ìjọba amúnisìn rán Northcote Thomas sáàárín àwọn Ẹdó àti Igbo. Ó ń ya fọ́tò wọn, ojú níwájú, ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè máa fi ìrísí èèyàn kan wé ti èkejì.

9/
Ó wá kan Ifẹ̀. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, débẹ̀. Ó rí àwọn orí alámọ̀, ó rí orí bàbà tí wọ́n ń pè ní Orí Ọlọ́kun. Ẹnu yà á. Àmọ́ dípò kó sọ pé àwọn Yorùbá mọṣẹ́, ó ní ẹ̀yà kan tó ga ju aláwọ̀ dúdú lọ ló ti gbé ibẹ̀ rí, pé àwọn ará Atlantis ni, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì tó rì sómi. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ó rọrùn fún un láti gbà pé ìlú tó rì sómi ló ṣe é, ju pé bàbá yín ló ṣe é lọ.

10/
Ní 1938, wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé lágbolé Wúnmọníjẹ̀ n'Ífẹ̀, orí bàbà mìíràn tún jáde, ó ju mẹ́wàá lọ. Àwọn onímọ̀ ti wá gbà pé àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ló rọ wọ́n, láàárín 1100 sí 1500. Ẹ wá fọ́tò wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wo imú wọn dáadáa. Ihò imú tó ṣí, ètè tó kún. Ojú tẹ́ ẹ máa rí lọ́jà lónìí ni. Àwọn tó rọ ọ́ lágbára láti rọ imú tó wù wọ́n. Irú èyí ni wọ́n rọ fọ́ba.

11/
Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ rúlà yìí parí sínú ìwé o. Ní Rwanda, àwọn òyìnbó Bẹ́ljíọ̀mù wọn imú àwọn Tutsi àti Hutu, wọ́n ní ti Tutsi tín-ín-rín, pé àwọn ló yẹ kó ṣe olórí. Láàárín àwọn ọdún 1930, wọ́n kọ ẹ̀yà kálukú sínú káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀. Ìkórìíra tó ti ibẹ̀ dàgbà gbóná jẹnjẹn ní 1994. Láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, wọ́n pa èèyàn tó tó 800,000. Níbi tí wọ́n ti dábùú ọ̀nà, káàdì yẹn ni wọ́n ń béèrè.

12/
Ó dáa. Kí wá ni imú wà fún gan-an? Lójúmọ́, bíi lítà afẹ́fẹ́ 10,000 ló ń gba inú ẹ̀ kọjá. Ẹ̀dọ̀fóró ò fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù, kò fẹ́ èyí tó gbẹ, kò fẹ́ eruku. Imú ló ń bá a ṣe gbogbo ẹ̀. Egungun mẹ́ta tó ká wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, awọ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ bò wọ́n. Afẹ́fẹ́ á ká gbà á ibẹ̀ kọjá, á móoru, á rí omi mu. Ikun á mú eruku, irun tíntìntín tí ojú ò lè rí á máa gbá a lọ sọ́nà ọ̀fun.

13/
Ihò mẹ́rin-mẹ́rin tún wà lápá ọ̀tún àti òsì nínú egungun ojú: ti iwájú orí, ti àárín ojú, ti ẹ̀yìn pátápátá, àti ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó tóbi jù. Leonardo da Vinci ti ya ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí ní bíi 1489. Òkè ni ilẹ̀kùn ẹ̀ wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ohun tó bá kó síbẹ̀ kì í tètè jáde tí ọ̀fìnkìn bá mú wa. Imú ìwọ gbòòrò, imú òyìnbó tín-ín-rín, yàrá kan náà ló wà nínú yín.

14/
Kí ló wá fa ìyàtọ̀ ìta? Ojú ọjọ́ wà níbẹ̀. Ní 1923, Arthur Thomson àti Dudley Buxton fi imú oríṣiríṣi èèyàn wé ooru àti omi inú afẹ́fẹ́ ìlú wọn. Níbi tí ooru àti ọ̀rinrin bá wà, imú máa ń gbòòrò. Níbi tó tutù tó sì gbẹ, ó máa ń tín-ín-rín, torí pé ihò tóóró ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fara kan awọ imú dáadáa kó lè móoru. Ní 2017, Arslan Zaidi àti Mark Shriver pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn wo èèyàn 476, tí orírun àwọn kan nínú wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Fífẹ̀ ihò imú bá ojú ọjọ́ lọ lóòótọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni ojú ọjọ́ fà, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ wà níbẹ̀.

15/
Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ẹ̀rí nílé, ẹ dúró de ọyẹ́. Omi inú afẹ́fẹ́ á lọ sílẹ̀, imú á gbẹ, ti ẹlòmíì á máa ṣẹ̀jẹ̀. (Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má gbé orí sókè o! Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ di ibi tó rọ̀ lára imú mú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí kò bá dúró, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.) Ọ̀rọ̀ omi àti ooru ni ọ̀rọ̀ imú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ipò.

16/
Nítorí náà, imú tó gbòòrò kì í ṣe imú tí kò parí. Imú ilẹ̀ tó móoru, tó lómi, ni. Ẹni tó bá fẹ́ lo fílítà, kó lò ó, fóònù ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé rúlà àtijọ́ yẹn ni fílítà náà gbé dání. Ẹni tó sì ń fi imú ẹlòmíì ṣẹ̀sín, kó mọ ibi tí irú ẹ̀rín yẹn ti bẹ̀rẹ̀, àti ibi tó bá àwọn kan dé.

17/
Tí wọ́n bá tún kọ ìkọkúkọ nípa imú sábẹ́ fọ́tò yín, ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ̀yin ọmọ Ìfọ́n tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń kí aláboyún nílé yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa. Kí Òrìṣà ya ọnà ire kò wá o. 🤍